Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ Camry mi, mẹkáníìkì ní àfi ká sọ gíà kalẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Camry 1996 ni mò ń lò, ẹńjìnnì 2.2 oní plọ́ọ̀gì mẹ́rin, òun ni mo fi ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ẹ sì mọ bí títì àtijọ́ yẹn ṣe rí. Ọ́ìlì ń jò lábẹ́ ẹ̀, tó bá fi máa di àárọ̀ ibi tí mo páàkì sí ti dúdú, ìyàwó mi ti ní òun ò fẹ́ rí i lórí sìmẹ́ńtì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo gééjì ló ti wálẹ̀, màá tún bù kún un. Mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ ẹ̀, ó nawọ́ sí ibi tí ẹńjìnnì àti gíà ti pàdé, ó ní ọ́ìlì ṣíìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀, ló lọ, àfi ká sọ gíà kalẹ̀, owó tó wá pè ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún yín. Ẹnì kan tún ní kí n sáà máa lo ọ́ìlì tó ki, òmíì ní kí n ra oògùn tó ń dá jíjò dúró dà sí i. Èwo ni kí n ṣe báyìí?

Ọmọ Ọjà Igbó: Ẹ tà á jàre 😂

Mẹkáníìkì Owódé, Ọ̀yọ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gíà kankan kalẹ̀ o. Ọ́ìlì kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló máa ń wá, atẹ́gùn á tún gbá a sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ń sáré, torí ẹ̀ ibi tó ti ń kán lè má jẹ́ ibi tó ti ń jáde rárá. Camry yín yẹn, dísítríbútọ̀ ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, wà ní ìparí héèdì (orí ẹńjìnnì) lápá ibi tí gíà wà gan-an, ó-ríngì kékeré kan wà lọ́rùn ẹ̀, rọ́bà lásán ni, tó bá ti pẹ́ nínú ooru á gan bíi páànù, ọ́ìlì á wá máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí ilé gíà, ẹni tó bá ń wò ó látìsàlẹ̀ á búra pé ọ́ìlì ṣíìlì ẹ̀yìn ni. Mi ò ní ọ̀gá yẹn ń purọ́, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹńjìnnì yẹn, nígbà tó bá ti tutù. Kẹrosínì, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi nylon wé alternator àti dísítríbútọ̀, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ nǹkan kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì o, iná ò mọ ọlọ́kọ̀. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ wọ́n páúdà ọmọdé sí etí kọ́fà òkè, sí ìdí dísítríbútọ̀, ìdí fílítà àti etí sọ́ọ̀mpù, abọ́ tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wà á lọ wà á bọ̀. Ibi tó bá tutù tó sì ga jù, ibẹ̀ ni ẹ máa mú.

Alhaji Sábó: Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Kẹ́ ẹ tún wo fáàfù tí wọ́n ń pè ní PCV, òun ló ń fa èéfín inú ẹńjìnnì padà. Tó bá dí, agbára inú lọ́hùn-ún ò ríbi gbà, á máa ti ọ́ìlì gba gbogbo ṣíìlì jáde, ẹ lè pààrọ̀ ṣíìlì lónìí kó tún jò lọ́la. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n, tí ò bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ó ti lẹ̀ nìyẹn. Nǹkan míì, ẹńjìnnì yẹn ò gbà ju bíi lítà 3.6 lọ pẹ̀lú fílítà, àwọn mẹkáníìkì wa á sì da odindi gálọ̀n lítà 4 sínú ẹ̀ láìwo gééjì.

Ìyá Ìbejì: Ọ́ìlì tó ki yẹn ẹ gbàgbé ẹ̀, á sáà jẹ́ kó rọra jò ni. Oògùn yẹn ńkọ́, ó máa ń jẹ́ kí rọ́bà wú díẹ̀, fún sáà kan, tí rọ́bà bá ti gan tàbí tó ti fọ́ kí ló fẹ́ wú? Èmi, gọ́ọ̀mù ni ẹni tó ṣe tèmi fi kun gbogbo etí kọ́fà bí ẹni ń kun bọ́tà, ó já sínú, ó lọ dí àsẹ́ ìsàlẹ̀, iná ọ́ìlì tàn, ẹńjìnnì ń lù gbàgà gbàgà kí n tó ríbi páàkì. Iná pupa yẹn kì í kìlọ̀ pé ọ́ìlì ń tán lọ o, tó bá fi tàn ọ́ìlì ò lọ síbi tó yẹ mọ́ nìyẹn, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún wo sọ́ọ̀mpù bóyá kòtò ojú títì yẹn ti gbá a.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti wọ́n páúdà. Sọ́ọ̀mpù gbẹ, fílítà gbẹ. Kọ́fà òkè ń làágùn díẹ̀ níkọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ìdí dísítríbútọ̀ tutù rinrin, ó sì ṣàn lójú ẹ̀ dé orí gíà. Ṣé rewáyà lè tú u àbí mẹkáníìkì?

Mẹkáníìkì Owódé, Ọ̀yọ́: Èyí tó bá ní sùúrù nínú àwọn méjèèjì. Kí ó tó tú bóòtù kankan, kó fi irin ha ibi tí dísítríbútọ̀ dúró sí lára héèdì, torí tó bá yí díẹ̀ táímìn ti bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nígbà tó bá wà níta. Ẹ ṣí kápù ẹ̀ náà wò, tí ọ́ìlì bá wà nínú kápù, ṣíìlì inú ẹ̀ ló lọ, ó-ríngì nìkan ò ní tó. Kó fi ọ́ìlì pa ó-ríngì tuntun kó tó tì í wọlé, kó má ya. Géásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà òkè yẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ kékeré ni. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún abẹ́ fọ̀, tí ojú ibi tí gíà ti pàdé ẹńjìnnì bá tún tutù, ẹ pe ọ̀gá yẹn padà.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́ ẹ mú ó-ríngì àtijọ́ yẹn dání lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-spare parts o, wọ́n á ní gbogbo ẹ̀ kan náà ni.