Ṣé nǹkan oṣù mi ló fẹ́ dáwọ́ dúró ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège: ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tún sá lọ fún oṣù méjì.

Ooru ló ń dà mí láàmú jù. Mo lè máa bá oníbàárà nájà lọ́wọ́, kí ooru ṣàdédé gbéra láti àyà, kó gun ojú, kí òógùn bò mí. Lóru, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ mi ti ń fi kúbùsù bora nítorí fáànù mi.

Ibà ni mo kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lo oògùn ibà kí n tó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀; kò sí ibà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní nǹkan oṣù mi ló ń palẹ̀ mọ́, pé ó lè gba ọdún mélòó kan, àti pé mo ṣì lè lóyún títí oṣù 12 yóò fi kọjá láìrí i rárá. Oyún kẹ̀? Àbíkẹ́yìn mi ti wọ yunifásítì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, kí lẹ ṣe sí àìróorunsùn? Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo oògùn họ́mọ̀nù tí dókítà kọ fún un? Ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wa, ẹ̀rù sì ń bà mí. Nǹkan oṣù mi tó wá kẹ́yìn sì pọ̀ gan-an, ọjọ́ 11 ló lò. Mo ń padà lọ rí dókítà ní Ọjọ́bọ̀. Kí ni kí n rí i dájú pé mo bi í?