Ọ̀rá méjì, màlúù kan náà níwájú: èwo ni mílíìkì gan-an?

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rá onígíráàmù 400 méjì ló wà níwájú mi, láti Ọjà Ọba. Àwọn méjèèjì ló ya màlúù àti ife funfun síwájú, àwọ̀ búlúù kan náà, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Ẹni tó ń tà á ní bákan náà ni wọ́n, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n kọ "Rich & Creamy" gàdàgbà sára èyí tó pọ́ọ́kú, ó sì ní nọ́ńbà NAFDAC. Ṣé mo lè máa fi po ògì fún ọmọ ọdún méjì? Bákan náà, ṣé òróró tí wọ́n kọ "cholesterol free" sí (pé kò ní cholesterol, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀) sàn ju èyí tí wọn ò kọ ọ́ sí?

Olóúnjẹ Ọ̀fà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ yí ọ̀rá náà sẹ́yìn, kí ẹ wá lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ "Ingredients". Bí nǹkan bá ṣe pọ̀ sí ni wọ́n ṣe ń tò ó. Èyí tó wúwo jù ló ń ṣíwájú.

Bó bá jẹ́ "whole milk powder" tàbí "full cream milk powder" nìkan, mílíìkì gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ "skimmed milk powder, vegetable fat", wọ́n ti yọ ọ̀rá (fat) inú mílíìkì kúrò, wọ́n fi òróró rọ́pò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni "filled milk". Bó bá wá jẹ́ "glucose syrup" (ṣúgà olómi) ló ṣíwájú, tí òróró tẹ̀ lé e, creamer ni, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó jọ mílíìkì tí kì í ṣe mílíìkì. Tíì ni wọ́n ṣe é fún.

Nínú tábìlì èròjà oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ọ̀rá náà, ẹ má fi ìlà "Fat" ṣe ìdájọ́, torí òróró náà fat ni, iye rẹ̀ sì lè bára mu. Ìlà "Protein" (èròjà tó ń mú ara ọmọ dàgbà) ló ń tú àṣírí. Ibi tí wọ́n kọ "per 100 g" ni kí ẹ wò, kì í ṣe "per serving". Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú gidi máa ń ní bíi gíráàmù 24 sí 26. Ti creamer sábà máa ń kéré gan-an, nígbà mìíràn kì í tó 5.

Nọ́ńbà NAFDAC ń fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀ ni. Creamer náà ń gbà á.

Ọmọ Òmù-Àrán

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kí a má pe filled milk ní ayédèrú. Ọjà tó bófin mu ni, protein rẹ̀ sì lè sún mọ́ ti mílíìkì gidi. Màlúù tí wọ́n yà sára creamer ló ń bí mi nínú, nítorí ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán ló ń rà.

Ní ti òróró: ara ẹran, ẹyin àti mílíìkì ni cholesterol ti ń wá. Kò sí èyí tó tó nǹkan nínú òróró ẹ̀pà, sóyà tàbí ọ̀pẹ, yálà wọ́n kọ ọ́ tàbí wọn ò kọ ọ́. Ẹ má torí ẹ̀ fowó lé e. "Saturated fat" (irú ọ̀rá tí kò dára fún ọkàn bó bá pọ̀ jù) ni kí ẹ fi wé ara wọn: nínú gíráàmù 100, ti epo pupa sún mọ́ 50, ti sóyà wà ní bíi 15.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ ṣeun gan-an. "Glucose syrup, palm oil" ló ṣíwájú. Protein rẹ̀ 3.

Olóúnjẹ Ọ̀fà

Ẹ má fi po ògì ọmọ mọ́. Bí owó mílíìkì gidi bá ga, ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ti bó tí ẹ sè jinná, ẹyin tó jinná dáadáa tàbí wàrà tí ẹ ti tún sè bá oúnjẹ rẹ̀ rìn.

Ẹ má tíì sọ ọ̀rá náà nù. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn, nọ́ńbà NAFDAC àti "batch number" ní fọ́tò, kí ẹ gba rìsíìtì. Ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìlọrin ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ lọ; ẹ lè kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, náà. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC ń lò kò gbà kí àpèjúwe tó ń ṣini lọ́nà wà lára ọjà, kò sì yọ ẹni tó mọ̀ tó ṣì ń tà á sílẹ̀.