Ẹ jẹ́ kí á pè é ní «ilẹ̀kùn», kì í ṣe «olùgbà nikotíìnì»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé nínú àpilẹ̀kọ tí à ń ṣètò lórí ìtọ́jú ìsoríkọ́, kí á máa pe nicotinic receptor, ìyẹn purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì tí èròjà bíi nikotíìnì inú tábà máa ń kàn, ní «olùgbà nikotíìnì». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ka orúkọ yẹn á rò pé torí tábà ni nǹkan náà ṣe wà nínú ọpọlọ. Acetylcholine, èròjà tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi ránṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì, ló ni ín. Nikotíìnì kàn jẹ́ èròjà tí àwọn onímọ̀ bíi Langley ti Cambridge fi ṣèwádìí rẹ̀ ní nǹkan bí 1905 ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà lè ka orúkọ yìí kó gbà pé sìgá lóògùn òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ wo bupropion: oògùn ìsoríkọ́ ni, wọ́n tún ń fi ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lọ́wọ́, ó sì wà lára ohun tó ń dí receptor yìí. Mecamylamine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́, dídí ló ń dí i. TC-5214 tí wọ́n yọ lára rẹ̀ láti fi wo ìsoríkọ́ kò borí oògùn asán (placebo) nínú ìdánwò ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn AstraZeneca àti Targacept ṣe. Nígbà tó di 2012, wọ́n pa á tì. Nikotíìnì pàápàá, bó bá ti pẹ́ níbẹ̀, receptor náà á ṣí, á sì kú tì, kò ní dáhùn mọ́. Ṣé èyí wá jọ «gbígbà»?

Àbá tèmi ni «ilẹ̀kùn acetylcholine». Ẹ̀yà purotéènì márùn-ún ló fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́, tí ihò wà láàárín wọn. Bí acetylcholine bá kàn án, ihò á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹnìkan á ní muscarinic receptor, oríṣi receptor mìíràn, náà ti acetylcholine ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ihò. Ńṣe ló ń gba iṣẹ́ lóde, tó ń jẹ́ ẹ fáwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì. «Agbàjíṣẹ́ acetylcholine» ló yẹ ẹ́.

Ní ti àwọn tó fẹ́ fi «ìbànújẹ́» rọ́pò «ìsoríkọ́», rárá o. Ìbànújẹ́ lè lọ lẹ́yìn òkú sísin. Àìsàn yìí kì í dúró de òkú. Ní ti α7 àti α4β2, tí wọ́n jẹ́ orúkọ oríṣi «ilẹ̀kùn» yìí, ẹ jẹ́ kí á kọ wọ́n bí wọ́n ṣe wà.