Ọ̀rọ̀ epo la bá lọ, kókó wà nínú ọmú

Wọ́n ń sọ pé epo tá à ń jẹ ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú; ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Òlúwo, ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan nínú ọmú òsì. Kò dùn ún rárá. Bó ṣe sọ ọ́ nílé, àríyànjiyàn epo bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní epo pupa ló fà á, ẹlòmíì ní òróró tá a fi ń dín ẹja léraléra ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹnu kan epo mọ́. Ó ń rù, kókó ò kúrò. Oṣù márùn-ún gbáko la fi ṣe báyìí, ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn títí dòní.

Dókítà tá a padà lọ bá ò tilẹ̀ bèèrè epo. Ó tẹ ọmú, ó tẹ abíyá, ó ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni.

Èmi ni mo bi í nípa epo. Ó ní wọ́n kó obìnrin tó lé ní 48,000 jọ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá, wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá oúnjẹ kù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 8, jẹjẹrẹ ọmú dín díẹ̀ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. 2006 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ó ní ti epo pupa, ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ni kí n kọ́kọ́ rò, torí nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú tó máa ń dì. Ọ̀rá tó wà lára wa gan-an ló ní ká ṣọ́: tí nǹkan oṣù bá ti dá, inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú estrogen (èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù obìnrin), estrogen yìí ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú. Ó dárúkọ ọtí pẹ̀lú. Nínú gbogbo àríyànjiyàn wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọtí!

Mo wá bi í nípa ẹja, torí ọjà mi ni. Ó ní àwọn ìwádìí kan rí i pé àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ń jẹ omega-3 dáadáa, ìyẹn òróró inú ẹja òkun bíi ṣáwá, àmọ́ kò tíì dájú pé ẹja ló dáàbò bò wọ́n. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún oníbàárà kankan pé oògùn jẹjẹrẹ wà nínú agbọ̀n mi.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ó se ẹ̀fọ́ elépo, a jọ jẹ ẹ́.