Ayùn oníná ń gbé wa ní ṣọ́ọ̀bù: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Káfíńtà ni mí ní Mọ̀ọ́rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ayùn oníná tí a fi ń la pákó, tòkunbọ̀ ni, irin ni ara rẹ̀, wáyà mẹ́ta ló sì wà nínú okùn rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, iná rẹ̀ a máa ta mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ọmọ iṣẹ́ mi, ayùn já bọ́ nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ń yí. Ọpẹ́ ni pé kò kàn án lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ìyá rẹ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́. N kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo ti fi téèpù wé ibi tí okùn ti bó, a ti ń wọ bàtà rọ́bà. Kò lọ. Rẹwáyà kan tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò bá wáyà éèsì kankan níbẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ó ní kí a kan irin éèsì mọ́lẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ 30mA tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò sí i. Ẹlòmíràn ní kí n ra ayùn tó ní àmì onígun mẹ́rin kékeré nínú ńlá, pé ìyẹn kò nílò éèsì.

Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? A ti pa ayùn náà tì. Ayùn ọwọ́ là ń lò báyìí.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ kí ẹ tó dáhùn.