Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí ó yẹ kí á fún sẹ̀tífíkéètì tí ìkànnì máa ń gbà kí àdírẹ́sì rẹ̀ tó lè fi https (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì ọ̀rọ̀ kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà má lè kà á) bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní "ìwé ààbò", ẹnì kan ní "ìwé onígbọ̀wọ́". Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Let's Encrypt, ọ̀kan lára àwọn tó ń fún ìkànnì ní ìwé yìí, wọn ò ní bi yín ní orúkọ bàbá yín, wọn ò sì ní béèrè bóyá ojúlówó ni ọjà tí ẹ̀ ń tà. Wọ́n á kàn ní kí ẹ fi fáìlì kékeré kan sí abẹ́ orúkọ ìkànnì yín, ẹ̀rọ wọn á sì wá a lọ. Bí ó bá bá a níbẹ̀, ó ti hàn pé orúkọ náà wà níkàáwọ́ yín nìyẹn. Wọ́n á buwọ́ lu ìwé, ó di 90 ọjọ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àjọ kan tí kì í wá èrè, Internet Security Research Group ní Amẹ́ríkà, ló wà nídìí rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2015 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ibo wá ni ìgbọ̀wọ́ wà nínú ìyẹn? Ẹni tó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún onígbèsè, òun ni wọ́n máa dì mú bí onígbèsè bá sá lọ. Kò sẹ́ni tó máa dì Let's Encrypt mú.

"Ìwé ààbò" ló wá burú jù. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ nítòsí Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo fi ìkànnì kan hàn mí lórí fóònù, wọ́n ń polówó aró ní ẹ̀dínwó tí kò bójú mu. Ó ti ń múra àtisanwó, torí ọmọ rẹ̀ ní bí àwòrán àgádágodo bá ti wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ààbò wà. Àgádágodo wà lóòótọ́! Gbájúẹ̀ náà ní orúkọ ìkànnì, òun náà sì lè gba ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Google pàápàá yọ àgádágodo yẹn kúrò lórí Chrome, bíráúsà wọn (ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì), ní 2023 torí àwọn ènìyàn ń ṣì í lóye. Kí ni àwa tún ń gbé "ààbò" lé e lórí fún?

Àbá tèmi: "ìwé ẹ̀rí orúkọ". Ẹni tó ń fọwọ́ sí i, kí ó máa jẹ́ "ajẹ́rìí". Gbogbo wa la mọ "ajẹ́rìíkú" láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàjèjì sẹ́nikẹ́ni. Ó tún bá ìṣe wọn mu, torí ẹ̀rí kì í dúró bí adájọ́ ò bá gbà á, bíráúsà sì ni adájọ́ níbí. Ajẹ́rìí kan, StartCom, ń fúnni ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́ kí Let's Encrypt tó dé, ṣùgbọ́n ní 2016 ni Mozilla, tó ni bíráúsà Firefox, àti Google kéde pé àwọn ò ní gba ìwé tuntun lọ́wọ́ wọn mọ́. Ti CAcert, ajẹ́rìí mìíràn, tún wá yàtọ̀: ènìyàn gidi ló ń jókòó ti ènìyàn níbẹ̀, wọ́n ń yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò lójúkojú, síbẹ̀ bíráúsà ńláńlá ò ka ẹ̀rí wọn sí.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó wà fún ímeèlì kò sí lọ́wọ́ Let's Encrypt rárá, àwọn mìíràn ló ń ṣe é. Àdírẹ́sì ímeèlì ni wọ́n ń jẹ́rìí sí níbẹ̀, nítorí náà "ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì" ti tó.

Ẹni tó dábàá "àrokò" fún bí https ṣe ń dì ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo "ẹnà". Nǹkan ni wọ́n fi ń pa àrokò, àgbà tó bá sì mọ̀ ọ́n á tú u. Ẹnà ni gbogbo ọjà lè máa gbọ́ tí kò ní yé ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó jọ fohùn sí i. Láti 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ sára ìkànnì tí kò ní https pé kò láàbò. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, "Ìkànnì yìí kò fi ẹnà sọ̀rọ̀" ni ń bá kọ.