Pacer tó kúrò lórí pápá eré ìje: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó di ẹṣin tí ènìyàn ń gùn?

Àdìó_PA
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin. Standardbred kan, irú ẹṣin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi fa kẹ̀kẹ́ eré ìje, wà tí mo fẹ́ gbà sọ́dọ̀ ní Pennsylvania. Ọmọ ọdún 7 ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó wọn kìlógíráàmù 450. Pacer ni, ìyẹn ẹṣin tó ń gbé ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pọ̀. Kẹ̀kẹ́ eré ìje nìkan ló fà láyé rẹ̀, ènìyàn kò gùn ún rí. Mo fẹ́ máa gùn ún wọ inú igbó. Bí a bá fa ìjánu kó lè dúró, ṣe ló ń fi kún eré. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin
Àdìó, ẹ kú oríire. Inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kí ẹ tó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkà ni wọ́n fi ń bọ́ wọn lórí pápá. Ẹ dín ọkà yẹn kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 14, kí ẹ máa fi koríko gbígbẹ rọ́pò, títí yóò fi máa jẹ kìlógíráàmù 7 sí 9 lójúmọ́. Bí ẹ bá yí oúnjẹ padà lójijì, inú rírun á kì í mọ́lẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́ ọkà kù, tó ń payín keke, tó fẹ́ gé ènìyàn jẹ tí wọ́n bá ń fún okùn ikùn, ẹ pe dókítà ẹranko: egbò inú wọ́pọ̀ lára wọn. Omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, ni wọ́n sábà ń kọ, mílígíráàmù 4 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,800 fún tiyín, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 28.

Ẹ jẹ́ kó sinmi ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, nínú pápá kékeré, pẹ̀lú ẹṣin kan tó níwà pẹ̀lẹ́. Ẹ má jù ú sáàárín agbo lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á ta á nípàá.

Balógun_Ohio
Ọ̀rọ̀ ìjánu yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní agídí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Lórí pápá, ẹni tó ń wà á máa ń di okùn mú ṣinṣin, ẹṣin á fi ẹnu tì í. Bí okùn bá ṣe ń le ni òun náà ń sáré sí i. Torí náà, ẹ má bá a fà á. Ẹ fi irin tó rọrùn sí i lẹ́nu, ẹ bọ́ okùn tó ń gbé orí rẹ̀ sókè kúrò, kí ẹ wá máa fi okùn gígùn méjì, mítà 8 ọ̀kọ̀ọ̀kan, darí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ̀yin ń fẹsẹ̀ rìn. Ohùn ni kó ṣáájú: ẹ ní “whoa” (dúró), ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó rọra di okùn mú. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti rọ̀ báyìí, tí ẹ rí i tó ń jẹ irin lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́ okùn lójú ẹsẹ̀. Jíjọ̀wọ́ yẹn gan-an lẹ̀kọ́. Ìṣẹ́jú 20 ti tó lójúmọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún á le fún un, torí òsì ni wọ́n ń yí sí lórí pápá ní Amẹ́ríkà. Ẹ má so ó mọ́ òpó kan ṣoṣo láìtíì kọ́ ọ. Okùn méjì, ọ̀tún àti òsì, ló mọ́ ọn lára. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ fi ọjọ́ 3 sí 5 fi àyà lé ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú. Kò mọ ìtumọ̀ kí ẹsẹ̀ ènìyàn fún òun níhà. Ẹ fi ohùn àti ẹsẹ̀ pọ̀ títí yóò fi yé e.

Àdìó_PA
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Canter, eré onífífò tó ń dún ìró mẹ́ta-mẹ́ta, ńkọ́? Ṣé ó lè ṣe é rárá?

Ọmọ Ìlọrin
Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n á pẹ́. Ohun méjì ló ń dè é. Èkíní wà nínú ẹ̀jẹ̀: ìyípadà kan nínú jíìnì DMRT3, tí wọ́n ṣàlàyé ní 2012, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo Standardbred Amẹ́ríkà, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pace tàbí trot (gbígbé ẹsẹ̀ iwájú kan pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì) lọ nínú eré líle láìbọ́ sí canter. Èkejì, bó bá canter nínú ìje, òfin ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn títí yóò fi padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni canter.

Trot ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ to igi 4 sílẹ̀, mítà 1.3 láàárín wọn, kó máa kọjá lórí wọn láìsí ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Igi á mú kó gbé ẹsẹ̀ ga, kó sì pín in, kó má gbé ti ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀ mọ́. Etí kò lè fi ìyàtọ̀ hàn yín, torí ìró méjì-méjì ni pace àti trot ń dún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, pace ni. Bó bá ń lọ sókè sódò, trot ni. Ó trot ìṣísẹ̀ 5, ẹ yìn ín, ẹ jẹ́ kó rìn. Lẹ́yìn bí oṣù 3, ẹ wá ibi tó gòkè díẹ̀, kí ẹ béèrè canter láti inú trot tó rọra. Ẹ má lé e: bí ẹ bá lé e, pace á kàn máa le sí i.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin
Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí dókítà wo iṣan ẹsẹ̀ iwájú àti oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n fi òtútù tẹ̀ sí ọrùn lábẹ́ gọ̀gọ̀ tàbí microchip (ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ), kó bá ìwé mu. Bí àdéhùn bá ní ẹ kò gbọdọ̀ tà á, pé àjọ tó fún yín lẹ́ṣin lẹ máa dá a padà fún, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ààbò ẹṣin ni. Ẹ má sì tíì ra gàárì olówó ńlá. Ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ á yí padà láàárín oṣù 3 tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti àkọ́kọ́ á sì máa fún un léjìká.